Ìkànnì Ọ̀fẹ́ Tó Gba Ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n Sọ̀rọ̀

"Bí ẹ bá rí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ lórí ayélujára, ẹ sọ fún un pé kó padà sínú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tún un bí!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fọ́nnu bẹ́ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì ìpàdé. Ife omi tó wà níwájú Olórí Ẹ̀ka fò sókè, ó tún rọra jókòó bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Olùkọ́ nípa ìtọ́jú egbò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Wéré, nítorí wéré ló ń rìn, wéré ló ń jẹun, wéré ló ń buwọ́ lùwé. Òun náà fẹ́ràn orúkọ yẹn dọ́ba. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ pè é gbé ohùn sókè dáadáa o. Bí ohùn bá fi lè já wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìjà dé nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo ni kì í ti í kánjú. Bó bá ti bi kíláàsì ní ìbéèrè, ó máa ń dákẹ́ lọ gbáà. Á ká apá mọ́ àyà, á máa mi orí sókè sódò, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ìbéèrè náà yóò fi wọ àwọn ọmọ lára. Nígbà tó bá tó, á pariwo pé, "Ìdáhùn náà gan-an nìyẹn!" yálà ẹnikẹ́ni dáhùn o, wọn ò dáhùn o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ àṣà rẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò le. Yunifásítì fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ kan sórí ayélujára fún tọmọdé tàgbà: bí a ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àrùn tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò ní sí owó, kò ní sí ìdánwò àṣewọlé. Ẹni tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́, ó ti di akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ sínú kámẹ́rà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìkànnì tí wọn yóò gbé fídíò náà sí ló kù.

Ìkànnì méjì ló wà níwájú wọn. Àwọn yunifásítì bíi mélòó kan ló jọ dá èkíní sílẹ̀, tí wọ́n jọ ń bójú tó o. Ojú rẹ̀ rí bí ilé tí wọn kò tíì rẹ́. Èkejì jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbúròó rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ń dán, ó ń kọ mànà, àwòrán ń jó, orin ń dún, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sì wà lédè Yorùbá. Lókè téńté ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: Ọ̀FẸ́!

"Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí wa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Èyí tẹ̀yin ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun."

Obìnrin tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé nawọ́ sókè. Ìyá Rọra ni gbogbo yunifásítì ń pè é, torí "ẹ rọra" ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ fún ẹni tó bá ti ẹsẹ̀ bọ ilé ìkàwé, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ ìdágbére. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ẹni tó ni ìwé, ẹni tó láṣẹ láti ṣe àdàkọ rẹ̀, àti ohun tó wà nínú àdéhùn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ rọra. Iléeṣẹ́ tó bá fún ènìyàn nílé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń jẹ?"

"Ìyá Rọra, afẹ́fẹ́ náà ọ̀fẹ́ ni. Ta lẹ bi léèrè ohun tó ń jẹ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Rọra kò rẹ́rìn-ín.

"Tó bá di pé a fẹ́ kó ẹ̀kọ́ wa kúrò níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n á jẹ́ ká kó o? Ta ni yóò ni fídíò náà? Nọ́ńbà fóònù àwọn tó bá wá kẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni yóò wà? Ṣé wọn ò ní ki ìpolówó bọ àárín rẹ̀?"

"Ẹ gbà mí o!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ fi fọ́kọ ni, tẹ́ ẹ fi ń wádìí ìdílé?"

Olórí Ẹ̀ka rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lójú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Ẹ̀bùn yín ti dé. Àdéhùn wà nísàlẹ̀.* Bọ́tìnnì pupa kan sì wà níbẹ̀ tó ń tàn yinrinyinrin, wọ́n kọ MO GBÀ sí i lára.

"Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, ṣe ló ń dúpẹ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnnì náà, wéré. "Mo gbà á o, ẹ ṣeun!" Ó tún tẹrí ba fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kọ́ náà gbòde kan. Àwọn awakọ̀ ń wò ó níbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò, àwọn ìyá àgbà ń wò ó lórí fóònù ọmọọmọ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè rìn kọjá mọ́ kí wọ́n má kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa irun rẹ̀ kó tó jáde nílé, irun tí kò tó nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Aránṣọ ni. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n dàgbà. Ẹ̀rọ tó fi ń ránṣọ náà ló fi rán an níléèwé. Àtọ̀gbẹ ti ń bá obìnrin yìí fínra láti ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́. Nígbà tí irin ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ gé e lẹ́bàá ìka, kò mọ̀ títí ó fi rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ oníbàárà. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n máa wẹ egbò náà fún un.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìyìn tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ fídíò rẹ̀. Fóònù dún.

"Àbúrò mi, o kúuṣẹ́ o. Mo ti ra òmíràn sí i."

"Ẹ ra kí ni, Àǹtí mi?"

"Oògùn tó o ní ká rà."

"Báńdéèjì ni?"

"Báńdéèjì kẹ̀? Jinná-Kíá! Oògùn lẹ́búlẹ́bú yẹn. Mo ti ń bù ú sí i bó o ṣe wí. Mi ò tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́, o ṣáà ní kò sí wàhálà nọ́ọ̀sì mọ́."

Ẹ̀rín kú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu.

"Àǹtí mi, kí lẹ pè é?"

"Jinná-Kíá. Àbí o ti gbàgbé ohun tó o fẹnu ara rẹ sọ?"

Àwọn tó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà ní wọn kò mọ̀ pé ènìyàn lè sáré jáde ní ọ́fíìsì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń mí gùlegùle bí ẹni tí ajá lé.

Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, dígí gígùn kan wà lára ògiri, àwọn aṣọ tí wọ́n ti gé tí wọn kò tíì rán kún orí àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé àpótí, ó ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ torí kò lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Ta ló ní mo sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi? Ta ló ní?"

"Ta ló ní kẹ̀? Ìwọ ni! Wọn ò ròyìn rẹ̀ fún mi o. Ojú mi ni mo fi rí ọ, pẹ̀lú orí rẹ tó rí rìbìtì yìí." Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. "Wo ara rẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n inú fóònù wọ kóòtù, ó dúró ṣinṣin. "Ẹ̀yin ará mi," ló wí, "bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kí ni ká kọ́kọ́ fi sí i?"

Ó dákẹ́. Ó ká apá mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Kó tó mi orí lẹ́ẹ̀kejì, àwòrán rẹ̀ sún kẹ́rẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Orin bú jáde. Ike funfun kan yọ, ohùn ọkùnrin kan sì ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó: "Jinná-Kíá! Bù ú sí i, kó o gbàgbé rẹ̀! Kò sí wíwẹ̀! Kò sí nọ́ọ̀sì! Kò sí wàhálà!" Ní kọ̀rọ̀ yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé ilé ìdáná tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ti po oògùn náà.

Orin dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún padà tóbi.

"Ìdáhùn náà gan-an nìyẹn!" ló pariwo. "Omi tó mọ́..."

"Ẹ pa á!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tòótọ́ ké. "Ẹ pa á, Àǹtí mi! Ẹ ò gbọ́ pé mo ní omi tó mọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé omi tí wọ́n á fi pò ó ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fìdí lélẹ̀ lórí òkìtì aṣọ kan. Abẹ́rẹ́ tó wà nínú aṣọ náà kí i káàbọ̀. Ó fò sókè, ó ké, ó di ìdí mú, ó tún padà síwájú fóònù náà. Kò gbà gbọ́. Ó tún tẹ ibòmíràn. Ibi tó ti béèrè pé, "Ta ni kó máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò?" tó sì dákẹ́, wọ́n ti ki nọ́ńbà olóògùn bọ̀ ọ́. "Ìdáhùn náà gan-an nìyẹn!" Ibi tó ti béèrè pé, "Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn?" tó sì dákẹ́, ohùn ọkùnrin náà ní, "Kò di ìgbà kankan!" Ọ̀jọ̀gbọ́n sì mi orí. Gbogbo ibi tó ti dákẹ́ ni wọ́n ti bá a dáhùn. Wọ́n ti gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀.

"Àbúrò, kí ló dé? Àbí kì í ṣe ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí mi. Èmi kọ́."

"Mú ọ̀kan nínú méjèèjì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń tú aṣọ tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oògùn náà ti gan mọ́ egbò bí ẹfun mọ́ ara ògiri. Nígbà tó fi ìka kan etí egbò náà, òórùn kan yọ jáde tí olùkọ́ ìtọ́jú egbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

"Kò dùn mí rárá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. "Ó ń ṣiṣẹ́."

"Àìdùn rẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù." Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá mú. "Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi omi rẹ oògùn náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bu irú nǹkan yìí sí i, Mà?"

 Ẹ̀gbọ́n kàn fi ẹnu júwe àbúrò rẹ̀.

Dókítà gbójú sókè. Ó dìde dúró bí ọmọ iléèwé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n? Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa ní ìtọ́jú egbò?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wojú àjà, ó wolẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé bàtà kan ṣoṣo ni òun wọ̀.

"A máa ṣe gbogbo ohun tá a bá lè ṣe," ni dókítà wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí ìka yẹn. Ká ní wọ́n tún pẹ́ sí i ni, gbogbo ẹsẹ̀ ni à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Kò síbòmíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n lè lọ láti ibẹ̀ ju ilé ìkàwé lọ. Ìyá Rọra gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ní "mo ti wí tẹ́lẹ̀." Ó kàn fa àga fún un, ó ní kí wọ́n pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù kí àwọn méjèèjì lè jọ gbọ́.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì náà, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ló fi síbẹ̀, ìkánjú kò sì jẹ́ kó fi àmì ohùn sí i. Ẹ̀rọ kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wèrè."

Ìyá Rọra wú ikọ́ sínú ọwọ́.

Lẹ́yìn orin gígùn kan, ènìyàn gidi gbé e. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó dùn bí oyin.

"Ẹ kú ìfẹ́ wa, sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ẹ yọ fídíò mi kúrò! Ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí! Oògùn burúkú lẹ̀ ń fi ẹnu mi tà!"

"A ò lè yọ ọ́, sà. Ẹ ti gbà."

"Kí ni mo gbà? Kí lẹ fún mi tí mo gbà?"

"Ẹ tẹ MO GBÀ, sà."

"Ẹ̀bùn ni mo gbà!"

"Àdéhùn lẹ gbà, sà. Ẹ gbà pé ká máa fi ìpolówó sí gbogbo ibi tó bá dákẹ́. Ẹ gbà pé fídíò náà ti di tiwa. Ẹ tún gbà pé ká fún àwọn tó ń polówó ní nọ́ńbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí wọ́n lè máa pè wọ́n nílé."

"Mi ò gbà! Ẹ gbọ́ mi? Mi ò gbà!"

"Ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ̀ ọ́ ti kọjá, sà. Ọjọ́ á dára o." Fóònù kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. 

"'Gbà' méjì ló wà nínú èdè wa," ni Ìyá Rọra wí pẹ̀lẹ́. "Ọ̀kan, ọwọ́ la fi ń gbà á. Èkejì, ọkàn àti ẹnu la fi ń gbà á. Ẹ na ọwọ́ síwájú, ẹ rò pé nǹkan lẹ̀ ń gbà. Ẹnu yín ni wọ́n ń wò ní tiwọn. Bọ́tìnnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ kò jọ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà."

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà. Olórí Ẹ̀ka ló wọlé, ayọ̀ kún ojú rẹ̀ bámúbámú, ó gbé fóònù sókè bí ẹni tó gba ife bọ́ọ̀lù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Mo ti ń wá yín kiri! Ìkànnì yẹn ti fún wa lámì ẹ̀yẹ! Ẹ gbọ́ o: 'Olùkọ́ tó bá wa tajà jù lọ!'" Ó tún wo fóònù náà. "Ọjà wo lẹ̀ ń tà ná?"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwòsàn, sà."

"Áà. Ṣé òun náà ti gbọ́ nípa àmì ẹ̀yẹ náà?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, sà. Ọjà tí mo tà ló rà."

Wọ́n fi fídíò náà hàn án. Olórí Ẹ̀ka wò ó, ó tún un wò, ó wá àga, ó jókòó lé àkójọ ìwé ìròyìn dípò rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. "Àwọn tó ń wo nǹkan yìí pọ̀ lọ súà," ló wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni ká kìlọ̀ fún wọn," ni Ìyá Rọra wí. "Kí wọ́n má bù ú mọ́, kí wọ́n lọ fi ẹsẹ̀ wọn han nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ iléeṣẹ́ yẹn ni nọ́ńbà wọn wà, kò sí lọ́wọ́ wa. Nítorí náà rédíò ni, ilé ìwòsàn gbogbo ni, ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ni. Mo lè kọ ìkéde náà báyìí."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Olórí Ẹ̀ka dáhùn, ó ti ń dìde. "Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀rọ̀ yìí gba ìpàdé."

Kí ìpàdé náà tó wáyé, ìkéde ò tíì jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòókù ò dúró o. Amòfin yunifásítì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì. Ìyá Rọra fi ẹjọ́ oògùn náà sun iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oògùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ìkìlọ̀ sábẹ́ fídíò rẹ̀, wọ́n pa á rẹ́. Ó tún un kọ, wọ́n lé e jáde nínú ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ó wá padà síwájú kámẹ́rà, ó tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì tí ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọn kò rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bá Ìyá Rọra ka àdéhùn ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúrò nílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹsẹ̀ là. Ìka tó kéré jù ni wọn kò rí gbà là.

Òun náà wà nípàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló bẹ̀ ẹ́ kó wá, kí gbogbo wọn lè fojú rí ohun tí ìkánjú òun ṣe. Ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà ní itan, ó ń wò wọ́n bí aránṣọ ṣe ń wo oníbàárà tí kò mọ ohun tó fẹ́ rán.

Wọ́n gbé ìkéde tí Ìyá Rọra kọ kalẹ̀. Olórí Ẹ̀ka ní ọ̀rọ̀ "àṣìṣe" tó wà níbẹ̀ le jù, kí wọ́n kọ "àìgbọ́raẹni-yé." Ẹnì kan ní "ìṣẹ̀lẹ̀" ló dára jù. Ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá òǹtẹ̀ yunifásítì ni yóò wà lókè ìwé tàbí nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n jà á títí tí ó sú wọn, wọ́n fẹnu kò pé kí ìgbìmọ̀ kékeré kan tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sí rédíò.

Olórí Ẹ̀ka wá ní kí Ìyá Rọra bá àwọn sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ìyá Rọra dìde.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ìkànnì tá a bá máa gbé ẹ̀kọ́ sí, ilé la fi í ṣe. Ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri, ẹ wo ẹni tó ni ilẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ béèrè ẹni tí yóò ni fídíò náà bó bá ti wọlé tán, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè kó o jáde lọ́jọ́ tó bá wù yín. Ibi tí kò bá ní ilẹ̀kùn àbájáde, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìpolówó ńkọ́? Bí wọ́n bá ní àwọn máa fi sí i, ta ló láṣẹ láti kọ̀ ọ́? Orúkọ àti nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, ohun ìfipamọ́ ni, kì í ṣe ọjà. Iléeṣẹ́ tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní tà á, ẹ gbà pé yóò tà á. Ẹ tọ́jú ojúlówó fídíò yín sọ́wọ́. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá tẹ bọ́tìnnì, bó ti wù kó gbọ́n tó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí ó mọ ohun tó ń mi orí sí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù náà ńkọ́? Bí orin bá ti dún láàrin ẹ̀kọ́, tí wọ́n gbé ọjà jáde, olùkọ́ kọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ mọ́, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Oògùn tí kò bá ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, ẹ má rà á. Èyí tó bá sì ní kẹ́ ẹ má lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́, ẹ sá fún un. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í ṣe ohun tí à ń wò nílé. Bí kò tiẹ̀ dùn yín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Àtẹ́wọ́ ta gbàrà. Olórí Ẹ̀ka dìde dúró pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ títí ojú rẹ̀ fi rọ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń di mọ́ ara wọn. Inú gbogbo wọn dùn, ọkàn wọn fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Kí á tó túká," ni Olórí Ẹ̀ka wí, ó ń nu ojú, "ẹ jẹ́ kí Mọ̀mọ́ wa tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn bá wa sọ gbólóhùn kan."

Ẹ̀gbọ́n kò dìde. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Àwọn tó ń bu oògùn yẹn sẹ́gbò," ló wí, "wọn ò sí nípàdé yìí."